Ọmọ Tó Dúró Lẹ́yìn Àga Bàbá Rẹ̀

Kí n wá kúnlẹ̀? Èmi Ọlábísí, kí n wá kúnlẹ̀ láàrin ilé ní Ìrẹmọ lọ́jọ́ Àìkú, kí n máa bẹ ẹbí Láoyè pé mo ṣẹ̀ wọ́n, nítorí pé ọ̀kadà gbá ọmọ tí mo fi inú ara mi bí? Àǹtí mi, ẹ jókòó, ẹ má tíì dìde. Ẹ ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín, mo sì gbọ́ ọ délẹ̀, mi ò já lu ọ̀rọ̀ yín. Ó wá kàn mí. Ẹ sún mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì yìí ká rọra máa sọ ọ́, nítorí Dámiláre ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, ìrora ẹsẹ̀ yẹn ò jẹ́ kó fojú kan oorun látàárọ̀, ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù sì nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ẹ ní kí n wá kúnlẹ̀. Ẹ ní tí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn, Ìrẹmọ ni kó máa lọ lọ́dọ̀ Màmá yín, kò gbọdọ̀ padà sílé wa ní Òkè-Ògbó mọ́. Ẹ sì ní àfi tí mo bá fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ni mo tó lè rí ọmọ mi gbà padà. Ṣé bí ẹ ṣe wí nìyẹn? Hẹn-ẹn. Ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ fi ẹnu ara mi tún un sọ ni, bóyá á jọ ọ̀rọ̀ ènìyàn létí mi. Kò jọ ọ́.

Ẹ ṣèpàdé lé mi lórí. Bàbá Àjàgbé tó jẹ́ olórí ẹbí jókòó, Màmá jókòó, ẹ̀yin jókòó, àwọn ìyàwó ilé tó ṣáájú mi jókòó, Olúgbénga náà jókòó. Ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, àǹtí mi, mo mọ̀ pé àbúrò yín ni, mo mọ̀ pé ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò lè pe Bàbá Dámi lónìí. Gbogbo yín jókòó, ẹ dájọ́ mi, èmi sì wà níbí, mò ń gbé ike ìtọ̀ fún ọmọ tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ dájọ́. Kò sẹ́ni tó ní ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pè é. Kò sẹ́ni tó ní ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ọ̀daràn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ gan-an, adájọ́ á ní kó sọ tẹnu ẹ̀.

Ẹ sì wí pé ọmọ yín ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìyẹn díẹ̀, torí ó ń dùn mí. Nígbà tí Dámi gba ipò kìíní nílé ìwé, Màmá pọ̀n ọ́n káàkiri Ìrẹmọ, wọ́n ní ọmọ wa ni, orí Láoyè ló gbé wá sáyé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e débí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, Màmá wọ inú wọ́ọ̀dù yìí, lójú àwọn nọ́ọ̀sì tó ń pè mí ní ọ̀gá, wọ́n nàka sí mi, wọ́n ní, "Ọlábísí, kí lo fi ọmọ ẹ ṣe?" Ọmọ mi. Ó ti di tèmi. Orí tó mọ̀wé jẹ́ tiyín, ẹsẹ̀ tó dá jẹ́ tèmi. Nísinsìnyí tí ẹ wá fẹ́ gbé e kúrò lọ́wọ́ mi, ó tún ti di ọmọ Láoyè padà. Ẹ wò ó, ó ń rẹ̀ mí.

Ẹ ní iṣẹ́ mi ló fà á. Iṣẹ́ wo, àǹtí mi? Ṣé iṣẹ́ tí mo fi wẹ egbò ẹsẹ̀ Bàbá yín kí wọ́n tó kú? Nígbà tí àtọ̀gbẹ jẹ ẹsẹ̀ Bàbá débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí gan-an ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá kí wọn, ta ló ń ti ẹnu iṣẹ́ lọ sí Ìrẹmọ, tó ń wẹ egbò, tó ń dì í, tó ń bá Bàbá ṣàwàdà kí wọ́n lè gbàgbé ìrora? Ẹ̀yin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kan, ẹ fi etí gèlè bo imú, ẹ ní Ọlọ́run ló rán ìyàwó yìí sí wa. Tí ẹ̀jẹ̀ Màmá bá ru, èmi ni wọ́n ń pè. Tí ìyàwó ilé kan bá ń rọbí, ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń kàn, bí mo ṣe wà náà ni màá ṣe tẹ̀lé wọn. Iṣẹ́ mi dára nígbà yẹn. Kò sí ìpàdé tí ẹ ṣe lórí ẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ sì bi ara yín, ẹbẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, oúnjẹ tí àwọn ọmọ yìí ń jẹ láti ìgbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti yan iṣẹ́ lódì, níbo ló ti ń wá? Ìjọba ti dá owó oṣù Olúgbénga dúró. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan ní Ìrẹmọ, mi ò fẹ́ kí ojú tì í láàrin ẹbí ẹ̀. Tó bá fẹ́ wá kí Màmá, èmi ni màá di nǹkan sínú báàgì fún un, kó lè rí nǹkan gbé dání bí ọkùnrin. Iṣẹ́ tí ẹ ní kí n fi sílẹ̀ yẹn náà ni. Kí ni? Ó sọ fún yín pé wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ mọ ilé mi. Kí wọ́n tó pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, mo ti wà nídìí sítóòfù. Màá pọn omi, màá dáná, màá wẹ Fisáyọ̀mi àbúrò Dámi, màá di oúnjẹ Dámi fún un, màá lọ aṣọ fún bàbá wọn tí kò lọ síbi iṣẹ́ kankan, màá pọn Fisáyọ̀ lọ fún obìnrin tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀, màá dúró de tasí tí kò ní wá torí pé epo ò sí, màá fẹsẹ̀ rìn, tí mo bá dé wọ́ọ̀dù, wọ́n á ní mo pẹ́. Tí mo bá wá délé nírọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ mi ti wú, màá bá Olúgbénga àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níwájú ilé, wọ́n á máa fi ẹnu tún Nàìjíríà ṣe, wọ́n á ní, "Madam, ẹ káàbọ̀, ebi mà ń pa wá o." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé, màá tún tan sítóòfù. Lọ́jọ́ kan mo ní kó bá mi lọ mú Fisáyọ̀ wá, ilé obìnrin yẹn ò ju ibi tí ènìyàn á ti gbọ́ igbe lọ, ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa wí ní yunifásítì pé Láoyè ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀ ni. Mi ò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mi ò bá ìjà wọn wí o. Ìjọba ò ṣe dáadáa fún wọn, mo mọ̀, ìjọba kan náà ló ń gbà mí síṣẹ́, mo mọ ohun tó ń fojú ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń jà fún ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ, ṣé kò yẹ kó mọ ibi tí ọmọ tiẹ̀ wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ fún yín, torí mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìrẹmọ kọ́ ló rí. Ilé ìwé Dámi wà nínú ọgbà yunifásítì. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ló ń gbé e lọ, òun náà ló ń gbé e padà wá sí oríta ilé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà bọ́ọ̀sì gbé e, ó juwọ́ sí mi lójú fèrèsé. Èmi wá síbi iṣẹ́. Olúgbénga lọ sí kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wọn, nínú ọgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé mótò òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ rìn mọ́ láti ọ̀sán ọjọ́ náà, títí kan bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ, kí ìjọba lè mọ̀ pé wọn ò ṣeré. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Àbúrò yín nawọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi, wọn ò fipá mú un.

Àwọn bàbá mìíràn tó wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe nawọ́ tán, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé, kò jìnnà, wọ́n mú ọmọ wọn dání. Mo bi í, mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó ní òun rò pé mo ti ṣètò bí ọmọ ṣe máa délé. Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣètò ohun tí mi ò gbọ́? Ṣé mo wà ní kóńgírẹ́ẹ̀sì ni? Ṣé ẹ̀mí ló máa wá sọ fún mi nínú yàrá ìgbẹ̀bí pé bọ́ọ̀sì ò rìn mọ́? Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn, àǹtí mi, bó sì ṣe rí lọ́kàn gbogbo yín nìyẹn. Ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ọmọ, Ọlábísí á ti ṣètò ẹ̀. Tí mi ò bá tíì gbọ́, ó yẹ kí n ti gbọ́.

Ẹ sì mọ ibi tí mo wà? Obìnrin kan ń bímọ lọ́wọ́ mi. Ìdí ni ọmọ ẹ̀ gbà ń bọ̀, orí wà lẹ́yìn, èyí tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń pa ìyá pa ọmọ. Mo ti ki ọwọ́ bọ iṣẹ́, mi ò lè gbé ojú kúrò lára ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n gbé Dámi wọ̀, àwọn ọlọ́jà Lágeré, níbi tí ọ̀kadà ti gbá a, ló gbé e wá, Ọlọ́run á bá mi ṣe é fún wọn. Wọ́n bi í pé ta ni ìyá ẹ̀, ó ní Nọ́ọ̀sì Láoyè. Gbogbo wọn ló mọ̀ mí. Wọ́n sọ láàrin ara wọn pé kí wọ́n má tíì pè mí, pé tí mo bá gbọ́ ọ, ọwọ́ mi á gbọ̀n, obìnrin yẹn á kú. Wọ́n ṣe dáadáa. Mi ò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń pe Mọ́mì nísàlẹ̀, wọ́n ń na egungun itan ẹ̀, èmi wà lókè, mò ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mo wà pẹ̀lú yín, mi ò lọ síbì kankan."

Ọmọ náà bọ́. Ó ké. Ìyá ìyá ẹ̀ wọlé, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní Ọlọ́run á bá mi tọ́jú tèmi. Mo ṣe àmín, mo ń rẹ́rìn-ín, mo jáde lọ fọwọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ló ń wò, kò wo ojú mi. Mo ti mọ̀ kó tó lanu. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ wà lára aṣọ mi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ tèmi.

Dọ́kítà ní egungun á so pọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ yẹn kúrú ju èkejì lọ. Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi àǹkáṣíìfù yín nu ojú. Mi ò tíì sọkún, ẹ̀yin náà ẹ má tíì sunkún. Ẹ̀yin gan-an lẹ yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ mí. Nígbà tí ìjọba gbé yín lọ máa ṣe tíṣà ní Ìpetumodù, tí gìrì mú Adéṣọlá yín, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ wà níwájú bọ́ọ̀dù, ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, wọn ò sì tètè rí yín pè. Ẹ ní àwọn àna yín ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ẹ sì kúnlẹ̀. Ẹ sọ pé láti ọjọ́ yẹn ni ẹ kò ti lè sùn dáadáa tí òjò bá ń rọ̀, torí òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé ìkúnlẹ̀ yẹn wo Adéṣọlá sàn ni? Oògùn ló wò ó sàn. Kí ni ìkúnlẹ̀ yín wá wà fún? Ẹ̀yin tí wọ́n ṣe é fún ni wọ́n wá rán sí mi.

Ẹ dákẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ dáhùn. Ohun tó wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣì wà, òun ló sì jẹ́ kí n ní kẹ́ ẹ sún mọ́ mi.

Ẹ rántí ìsinmi tí Dámi wá lò lọ́dọ̀ yín. Nígbà tó padà wálé, mo rí i pé ó ti yí padà. Tí èmi àti ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kì í já lù ú mọ́. Á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á máa wò wá, títí a ó fi yíjú sí i. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ, ó ní Àǹtí Ìrẹmọ ni, wọ́n ní tí àgbàlagbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ á dúró títí wọ́n fi máa bi í pé kí ló dé. Inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bàbá Àjàgbé pè é sáàrin ilé, wọ́n ní kí gbogbo àwọn ọmọ wá wò ó, wọ́n ní bí ọmọ ṣe ń rí nìyí. Ẹ rántí? Ọwọ́ yín ló wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ń pa á lórí.

Nígbà tí ojú Dámi là lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Mọ́mì, mi ò sọnù o. Mo mọ ọ̀nà." Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì máa ń gbà ló ń tọ̀. Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi, o ò sọnù. Ó ní, "Mo rí Dádì."

Mo rò pé ibà ni. Mo fọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀, kò gbóná. Mo ní níbo lo ti rí Dádì? Ó ní nígbà tí gbogbo àwọn ọmọ lọ tán, òun jáde láti wá bọ́ọ̀sì. Ó ní òun rí àwọn Dádì tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi níwájú kílọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń pariwo, Dádì tòun sì wà láàrin wọn. Ó ní, "Mo dúró lẹ́yìn àga wọn. Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo dúró pẹ́, Mọ́mì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ṣe báyìí sí mi." Ó gbé ọwọ́ kékeré ẹ̀ sókè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé nǹkan lọ, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó ní, "Mo wá ní kí n máa lọ sílé."

Ẹ̀ẹ́n? Rárá, kò yíjú. Ọmọ yẹn ní kò yíjú.

Ẹ ò gbọ́ èyí rí, àbí? Ẹ̀yin náà ẹ wá rò pé ọmọdé ni, oògùn wà lára ẹ̀, ó lè sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Èmi náà ní kó rí bẹ́ẹ̀. Mo gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì, tí wọ́n jọ ń kọ́ni, tó ti jẹun nílé mi ju bí mo ṣe lè rántí lọ, ló wá kí ọmọ. Bó ṣe wo ojú Dámi lórí ìrọ̀rí, ṣe ló fi ọwọ́ bo ẹnu, ó jáde sórí bẹ́ǹṣì yìí gan-an, ibi tí ẹ jókòó sí. Ó ní, "Ìyá Dámi, mo rí ọmọ yìí. Mo rí i lẹ́yìn Láoyè lọ́jọ́ yẹn. Mi ò wo ojú ẹ̀ dáadáa, mo rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni, bó ṣe dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Láoyè ń sọ̀rọ̀ lọ, ó rò pé ẹnì kan fẹ́ dí òun lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ lé e. Ì bá ti sọ̀rọ̀. Ká ní ó pe Dádì péré." Ọkùnrin náà sunkún. Mo ń wò ó.

Ó sì lọ sọ fún Olúgbénga. Ó mọ̀, àǹtí mi. Àbúrò yín mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un, kò wọ wọ́ọ̀dù yìí mọ́. Ó máa ń wá dé ìsàlẹ̀, á gbé kúlà oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gòkè bọ̀, á ní kí wọ́n gbé e fún Nọ́ọ̀sì Láoyè, á wá padà. Dámi máa ń bi mí pé ṣé Dádì ń bínú sí òun pé òun ò délé ni. Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ kọ́ mi ní ohun tí màá sọ.

Ẹni tó mọ èyí ló jókòó nínú ìpàdé yín. Ó gbọ́ tí Màmá ní èmi ni mo fi iṣẹ́ ṣe ọmọ níkà. Ó gbọ́ tí Bàbá Àjàgbé ní kí n wá kúnlẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹ ní ẹ ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi débi pé kò gbọ́ èémí ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún ẹbí ẹ̀ nítorí mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Àṣìṣe lè ṣe ẹnikẹ́ni, mo máa ń rí i lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹ gbé àṣìṣe ẹ̀ lé mi lórí, ó tún ń wò mí bí mo ṣe ń rù ú.

Ẹ má mi orí, àǹtí mi. Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ fún wọn.

Iṣẹ́ mi, mi ò fi sílẹ̀. Dámiláre ò lọ sí Ìrẹmọ, ilé mi ló ń lọ, tí Màmá bá fẹ́ rí i, ilẹ̀kùn wa ní Òkè-Ògbó ò tì sí wọn. Ní ti ọjọ́ Àìkú, mo ń bọ̀. Ẹ sọ fún Bàbá Àjàgbé pé mo ní mo ń bọ̀. Dúùtì ni màá ti wá, yunifọ́ọ̀mù mi ni màá wọ̀, mi ò ní pààrọ̀ aṣọ. Kí wọ́n pe gbogbo ẹbí jọ bí wọ́n ṣe pè é lọ́jọ́sí. Kí wọ́n gbé àga kan sáàrin ilé, kí Olúgbénga jókòó sórí ẹ̀, kó máa bá ẹ̀yin ẹbí ẹ̀ sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ. Èmi á wọlé, màá lọ dúró lẹ́yìn ẹ̀. Màá ká ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ẹ ṣe kọ́ ọmọ yẹn. Mi ò ní pè é, mi ò ní wúkọ́, mi ò ní fa aṣọ ẹ̀. Kí ẹnì kankan má sọ fún un pé mo wà níbẹ̀. Tó bá yíjú padà wò mí, tó bi mí lójú gbogbo yín pé kí ló dé, màá sọ ọ́, lẹ́yìn náà ká wá jọ mọ ẹni tó máa kúnlẹ̀. Tí kò bá yíjú, tó tún fi ọwọ́ lé mi, ẹ jẹ́ mi lẹ́rìí, màá jáde ní ilé yẹn, ẹsẹ̀ mi ò tún ní tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n á fi sin mí.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ dákẹ́.

Ó ti jí. Ẹ ò gbọ́ ọ ni? Ẹ dẹ etí sílẹ̀ dáadáa, ó ń pè mí, ó ń rọra pè mí kó má baà já lu ọ̀rọ̀ wa. Ìrora wà lára ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń dúró kí á parí. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọmọ.

Pariwo, Dámi. Mo ní kí o pariwo, ọmọ mi. Mọ́mì ń bọ̀.